Ohun Tí Ẹ Kò Mọ̀ Nípa Mi, Tí Ìyá Alákàrà Ti Mọ̀

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ní Òṣogbo fẹ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa ara rẹ̀, ẹ bá a wá àga, kí ẹ sì bi í bóyá ó ti jẹun. Ebi a máa pa ènìyàn débi tí á fi gbàgbé pé àárín àdúgbò ni òun ń gbé. Ní ìlú tí ìyá alákàrà ti mọ̀, kí oòrùn tó yọ, pé ìyàwó rẹ kò bá ọ sọ̀rọ̀ lánàá nítorí pé ẹ̀kọ mẹ́ta lo rà wálé dípò mẹ́fà, àṣírí wo ló kù lọ́wọ́ rẹ tí o fẹ́ tú?

Síbẹ̀ àṣà náà ti gbòde. Ẹ ṣí fóònù yín láàárọ̀ yìí, ẹ ó bá a níbẹ̀: "Ohun márùn-ún tí ẹ kò mọ̀ nípa mi." Àwòrán ẹni tó kọ ọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó fi ọwọ́ ti àgbọ̀n, tó ń wo ọ̀nà jíjìn tí ẹnikẹ́ni ò ti ń bọ̀. Èkíní, mo fẹ́ràn ìwé kíkà. Èkejì, omijé máa ń bọ́ lójú mi bí mo bá rí tálákà. Ẹ̀kẹta, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́, ta ló bá yín kọ ẹ̀kẹta? Fọkanáísà tó lẹ taya ọkọ̀ yín ní oríta Ọláìyá ṣì ń dúró de owó rẹ̀. Tálákà ni òun náà. A wo ojú yín lọ́jọ́ yẹn, gbígbẹ ló gbẹ.

Ẹ̀kẹrin ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù: "Onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni mí." Ìrẹ̀lẹ̀ náà ti pọ̀ débi pé kò lè dá a rù mọ́, ó ní ká wá bá òun gbé e.

Mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, ohun tí mo sì rí kò ju báyìí lọ. Ohun tí ènìyàn ń fi pamọ́, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó sì ń kéde pé ayé kò mọ̀, òótọ́ ló sọ, wọn kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́, nítorí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Olóòtú wa ló fa gbogbo èyí. Ó ní kí oníkálùkù àwa tí à ń kọ nǹkan síbí sọ díẹ̀ nípa ara rẹ̀ fún òǹkàwé, kí ẹ lè fẹ́ràn wa. Ó wù mí kí ẹ fẹ́ràn mi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ Òṣogbo ni bàbá mi, ọmọ Iléṣà ni ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ apá kan ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, kí n sì fi díẹ̀ kún un. Ẹ̀jẹ̀ apá kejì ní kí n kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n máa san.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé bàbá mi, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ bínú. Ẹni tó bá rò pé Òṣogbo máa ń tijú láti sọ ìtàn ara rẹ̀, kó wo ohun tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ ìlú. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà ni pé omi ló wọ́n Làróòyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìpólé, ni wọ́n bá tẹ̀ lé Tìmẹ́hìn ọdẹ dé etí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n gé igi, igi wó sínú omi, ó sì fọ́ ìkòkò aró òrìṣà tó ni odò. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe rí: a wá tọrọ omi, a fọ́ ìkòkò onílé. Ìlú mìíràn ì bá fi bò. Àwa ń sọ ọ́ fún àlejò lọ́dọọdún, lóṣù Kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, a sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ṣe ń sọ ọ́.

Kò tán síbẹ̀. Làróòyè tẹ́ ọwọ́ sí odò, ẹja ńlá kan jáde, ó bọ́ sí i lọ́wọ́, ni wọ́n bá ń pe ọba wa ní Àtáọ́ja títí dòní. Ọba ìlú mìíràn ṣẹ́gun, ọba ìlú mìíràn mọ odi. Tiwa gba ẹja. A sì sọ ọ́, a tún un sọ, a kò sinmi, títí UNESCO fi fọwọ́ sí i lọ́dún 2005 pé àwọn ti gbọ́, kí igbó Ọ̀ṣun wà lára ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé, kí á ṣáà jẹ́ kí etí àwọn sinmi.

Ká ní Iléṣà ni ẹja yẹn ti jáde ni, ẹnikẹ́ni ì bá má gbọ́ nípa rẹ̀. Wọn ì bá ti yan án kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn ì bá gé e sí wẹ́wẹ́, wọn ì bá tà á láwìn fún àwa ará Òṣogbo, kí wọ́n sì padà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ohun kan wà tí a kì í fẹ́ kí wọ́n rán wa létí, ìyẹn ni ibi tí Ìpólé wà. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Ìyá mi kì í gbàgbé. Bí bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu nípa Òṣogbo ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, yèyé á kàn máa gún iyán rẹ̀ lọ, kò ní gbójú sókè, á ní: "Ọmọ wa ni gbogbo yín. Ẹ kàn pẹ́ lóde ni."

Àjèjì tó bá pẹ́ lọ́dọ̀ wa, àrùn ìtàn sísọ wa náà á ràn án. Ulli Beier, ará Jámánì, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950 láti wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ó gba Ẹdẹ, ó gba Ìlobùú, ó bọ́ sí Òṣogbo. Kí ló kù? Ní 1966, wọ́n tẹ ìwé eré kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, The Imprisonment of Obatala, orúkọ òǹkọ̀wé tó wà lára rẹ̀ sì ni Obotunde Ijimere. Òyìnbó gbà. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà. Wọ́n ka ọkùnrin náà mọ́ àwọn òǹkọ̀wé eré ọmọ Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yìí, ẹ bá mi wò ó: bàbá wo ló máa gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, níwájú àwọn àna rẹ̀, tí á ní ọ̀bọ ló tún dé yìí, kí ẹbí sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìjímèrè ni àwọn láti ìran wá? Beier fúnra rẹ̀ ni. Òun ló kọ ọ́, òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ, mo sì fura pé òun nìkan náà ló jẹ ẹran ìkómọ.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ju iṣẹ́ lọ. Àwọn kan ń sọ ohun tí a kò mọ̀ nípa wọn fún wa. Òun gbé odidi ènìyàn tí kò sí kalẹ̀, a sì ń kí i káàárọ̀.

Susanne Wenger, ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, ló ní ìtàn tó tó ìtàn. Graz ní ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a wó, ó dìde, ó di olórìṣà, ó di Àdùnní. Ó mọ ère sínú igbó Ọ̀ṣun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kó tó papò dà ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Òun ni irú ìwé "ohun márùn-ún tí ẹ kò mọ̀" yìí yẹ. Sìmẹ́ǹtì ló fi kọ púpọ̀ nínú tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó lọ sí ilé rẹ̀ ní ọ̀nà Ìbòkun, kó dúró níwájú àwọn ère ibẹ̀, kí wọ́n wo ara wọn lójú, kí á mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ sá.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá pátápátá lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni Táíwò Ọláníyì. Oníjó ni, ó ń jó lẹ́yìn ẹni tó ń ta òògùn kiri. Lọ́dún 1964 ó dé ibi àríyá kan ní Mbárí Mbáyọ̀, ibi tí ó jẹ́ ilé ọtí Dúró Ládípọ̀, òǹkọ̀wé eré nì, tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ọnà ní 1962. Wọn kò pè é. Ó jó wọlé, kò sì jáde mọ́. Ọkùnrin yìí sọ fún gbogbo ayé pé ìbejì ìgbà méje ni ìyá òun bí, pé òun nìkan ló dúró nínú gbogbo wọn, nítorí náà kí wọ́n máa pe òun ní Twins Seven Seven. Ta ló tún fẹ́ sọ nǹkan lẹ́yìn ìyẹn? Ìwọ tí o fẹ́ sọ fún wa pé o kì í jẹ àlùbọ́sà? Ó fi orúkọ yẹn yàwòrán, ó fi kọrin, ó fi la Yúróòpù àti Amẹ́ríkà já, UNESCO sì fi oyè ayàwòrán fún àlàáfíà dá a lọ́lá ní 2005. Ọdún kan náà tí wọ́n fọwọ́ sí igbó wa. Òṣogbo rí wọn lò lọ́dún yẹn.

Aró la mọ̀ ọ́n rẹ níbí, ìtàn pẹ̀lú la ń rẹ nínú ìkòkò kan náà: bó bá wọlé ní funfun, kò ní jáde bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà Ìbòkun yẹn kan náà lọ sí ilé ìyá mi. Bí ẹ bá ṣe ń súnmọ́ Iléṣà ni ọ̀rọ̀ á máa dínkù. Ìjẹ̀ṣà kì í sọ iye tó rí, kì í sọ iye tó ná, bí ẹ bá sì bi í pé ṣé dáadáa ló jí, á kọ́kọ́ wò yín bóyá owó lẹ fẹ́ yá. N kò bá wọn wí. Ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni, ọjà ni lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í sì í fi ọjà tọrẹ.

Ohun tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó ni ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ rèé: Ogun Kírìjì, tí Ìjẹ̀ṣà náà bá wọn jà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọn kò tú àgọ́ ká títí di 1893. Nígbà tó tán, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò rí ogun jà mọ́ gbé aṣọ lé èjìká, wọ́n ń tà á láwìn láti ìlú dé ìlú. Ọjọ́ tí owó bá pé, wọ́n á dé. Wọn kì í bú ẹnikẹ́ni. Wọn kì í gbá ẹnikẹ́ni mú. Wọ́n á kàn lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ, wọ́n á ní orí ìlóṣòó ni àwọn máa wà títí owó á fi jáde. Òṣómàáló nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Facebook ló kọ́kọ́ ń sọ ọ̀rọ̀ ara ẹni fún gbogbo ènìyàn, ẹ kò tíì jẹ Ìjẹ̀ṣà ní gbèsè.

Ẹ ronú nípa bàbá kan láyé ìgbà náà, tó ti sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé aṣọ tí òun dá fún ọmọ wọn, owó ọwọ́ òun lòun fi rà á. Àna wá kí i. Ó bá ọkùnrin kan tó lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà, tó fi ẹ̀yìn ti ògiri, tó ń jẹ obì. Àna kí i, ó bi í pé ta ló ń dúró dè. Òṣómàáló dìde díẹ̀, ó kí àna pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: irú aṣọ náà, iye ọ̀pá rẹ̀, oṣù tí wọ́n gbé e, àti ohun tí onígbèsè sọ lọ́jọ́ tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó sọ ọ́ ní ohùn tó ga níwọ̀nba, kí ilé kejì náà lè jàǹfààní. Lẹ́yìn náà, ó tún lóṣòó padà.

Lónìí, iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù, àwọn tó jẹ́ pé bí o bá pẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, látorí pásítọ̀ dórí ẹni tó ń bá ọ tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe. Àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà gbọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní sùúrù, ìlóṣòó gan-an ni wọn ò lè lóṣòó.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó kù, ẹ fi Sẹ̀gilọlá méjì wé ara wọn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti Èkó. Lọ́dún 1929, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ó ní Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ ni òun, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé, pé àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, pé òun fẹ́ sọ gbogbo bí òun ṣe lo ayé òun kí òun tó kú. Ọ̀sẹ̀ dé, lẹ́tà dé. Àwọn òǹkàwé ń káàánú rẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Nígbà tó yá, àṣírí tú pé olóòtú náà fúnra rẹ̀, I. B. Thomas, ló ń kọ lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó sì fi ṣe ìwé ní 1930. Ẹgbẹ̀rún ọkọ, kálàmù kan. Olóòtú tiwa níbí, mo ń wò yín o. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa sunkún fún òǹkàwé, ẹ̀yin náà lè gbìyànjú rẹ̀.

Sẹ̀gilọlá kejì jẹ́ ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ibi ìwakùsà góòlù ni, kò jìnnà sí Iléṣà. Ìyẹn kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó dákẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ènìyàn ń gbin kókó lé e lórí, wọ́n ń ṣe ìnáwó lé e lórí, kò ta pútú. Oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n tó rọ góòlù àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀, ẹ̀rọ ńláńlá ni wọ́n sì fi bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ náà ló kù tí a kò tíì rí.

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo Iléṣà máa ń sọ nípa ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́: ọmọ ọba ni wọ́n. Ẹ lọ síbi ọjọ́ ìbí ẹni àádọ́rin ọdún níbẹ̀, ẹ ṣí ìwé pélébé tí wọ́n há fún yín, kí ẹ ka ìtàn ìgbésí ayé ọlọ́jọ́ ìbí. Bí kò bá jẹ́ ìdílé ọba ni wọ́n bí i sí, á jẹ́ pé àwọn tó tẹ̀wé gbàgbé ojú ìwé kan. Bí gbogbo ọmọ ọba Iléṣà bá gun orí ìtẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kò ní sí ẹni tí wọ́n máa jọba lé lórí, àfi kí wọ́n wá yá àwa ará Òṣogbo. A máa gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ẹja sí i.

Ìjẹ̀ṣà kan wà tó fi tìfẹ́tìfẹ́ sọ ti ara rẹ̀ fún wa, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, gómìnà Ọ̀yọ́ àtijọ́ láti 1979 sí 1983, amòfin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Gbogbo wa rò pé ìdí ààrò iyán ni ọkùnrin náà ti dàgbà. Ní 1991, ó gbé ìwé kan jáde nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Kaduna Boy. Ọmọ Kàdúná! Àgbà Ìjẹ̀ṣà tí a rò pé kò mọ̀ ju ọ̀nà Ìbòkun lọ, láàárín àwọn Hausa ló ti gbá bọ́ọ̀lù. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń pè ní ohun tí a kò mọ̀. Ẹ kíyè sí i, ṣá, pé títà ló ta ìwé náà. Kò há a.

Ibi tí Òṣogbo àti Iléṣà ti pàdé ni Abéré, ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀. Níbẹ̀ ni ọjọ́ orí ti ń ṣe iṣẹ́ ìyanu. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì bó bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí bó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọ̀pọ̀ wa kò sì ní ìwé ìbí. Ilé ẹjọ́ la ti lọ búra ọjọ́ orí. Nítorí náà ènìyàn ní ọjọ́ orí méjì, ti ilé àti ti ìjọba. Ti ilé ló fi ń gba ìdọ̀bálẹ̀, ti ìjọba ló fi ń gba owó oṣù. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ara balẹ̀ ṣírò ti ọ̀gá kan tí gbogbo wa mọ̀, ó ti wà ní kíláàsì kejì kí wọ́n tó bí i. Àbúrò rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Àkọ́bí rẹ̀ ń lé e bọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í kọ "ohun márùn-ún tí ẹ kò mọ̀ nípa mi" síbì kankan. Ó mọ̀ pé ọ̀kan péré ti pọ̀ jù.

Ti ìjẹ́rìí inú ṣọ́ọ̀ṣì, n kò ní fi ọwọ́ kàn án. Àwọn ìyá kan ń ka ìwé yìí, wọ́n sì mọ ilé mi. Mo kàn fẹ́ béèrè pé: ẹni tó dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún òun ní ọkọ̀ tuntun, kí ló fa dídárúkọ iye tó rà á, àwọ̀ rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó sọ pé òun kò lè rà á láéláé, tí onítọ̀hún sì jókòó sí ìlà kẹta?

Ó kàn mí. Olóòtú ti pè lẹ́ẹ̀kan sí i.

N kò fẹ́ràn iyán. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká ojú ewé yìí mọ́lẹ̀ bí ẹ bá ń kọjá lọ́nà Iléṣà. Láfún ni mo fẹ́ràn, pẹ̀lú ọbẹ̀ tó bá wù ú kó jẹ́. Ìgbà tí àwọn ẹbí ìyá mi kọ́kọ́ gbọ́, wọn kò bínú, àánú ló ṣe wọ́n. Ìyá àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí bóyá ara mi gbóná. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin bi ìyá mi ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ṣé kò sí ohun tó já bọ́ lu ọmọ náà lórí nígbà tó wà ní kékeré. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n sì gbé iyán wá lẹ́yìn àdúrà, wọ́n ń wo ojú mi bóyá ó ti gbà.

Èkejì: ẹ̀rù odò máa ń bà mí. Èmi yìí ni mo máa ń mú àlejò wọ igbó Ọ̀ṣun, tí mo ń na ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí mo ń ṣàlàyé bí ẹni pé orí ẹsẹ̀ òrìṣà ni mo ti dàgbà. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Orí àpáta ló máa ń wà. Bí omi bá ta sí mi lára báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ké.

Ẹ̀kẹta: mo máa ń sùn níbi ìpàdé ẹbí. N kì í hanrun, orí mímì ni oorun mi fi ń wá. Àwọn àgbà rí i pé mò ń mi orí, wọ́n rò pé mo fara mọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n ní ọmọ tó ní làákàyè nìyí. Bí mo ṣe di alága ìgbìmọ̀ ìsìnkú nìyẹn. Bí mo ṣe di ẹni tó máa ra màlúù nìyẹn náà. Ìgbà tí mo jí, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo ka gbogbo èyí sí etígbọ̀ọ́ ìyá alákàrà kí n tó fi ránṣẹ́, kí n lè mọ̀ bóyá ó máa yà á lẹ́nu. Ó ń yí àkàrà nínú epo. Ó ní ti iyán yẹn, òun ti mọ̀, ìyàwó mi ti sọ. Ti odò, òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ké. Ti oorun, ó ní kì í ṣe ìpàdé ẹbí nìkan, kí n fi ti ìsọjí kún un. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ ti ìrù ẹran tó sọnù nínú ìkòkò lọ́jọ́ ọdún iléyá ilé kejì. Mo san owó àkàrà mi, mo kúrò níbẹ̀.

Kó sì tó di òpin ọ̀sẹ̀, a ṣe ìnáwó ní ilé wa ní Òṣogbo. Mo wọ aṣọ ẹbí, mo jókòó jẹ́jẹ́ bí alága. Ìyá akéwì kan tó dàgbà dáadáa dé iwájú mi, ó dúró, ó wò mí láti fìlà dé bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Ó dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Orí mi ń wú. Ó kì mí dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, ó dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi, ibẹ̀ lohùn ti yí padà. Ó sọ ọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan nínú ìran wa tó máa ń jẹun nínú òkùnkùn kí àlejò má baà rí ẹran. Ó sọ ti èkejì tó sá fún ogun, tó sì padà wálé wá ròyìn ogun náà. Gbogbo abẹ́ àgọ́ ń rẹ́rìn-ín, onílù ń fi gángan dáhùn, àwọn àna mi ti fa àga súnmọ́ iwájú kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Mo dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo lẹ owó mọ́ ìyá náà níwájú orí, mo sì rọra sọ sí i létí pé ó ti tó, mọ̀mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kù.

Ó já owó náà, ó kà á, ó ṣẹ́ ẹ mọ́ ìdí ìró, ó sì yíjú sí onílù.

"Ilé bàbá nìyẹn o," ó ní. "Ó ku ti Ìjẹ̀ṣà."